Ìgbésẹ̀ Márùn-ún Láti Ẹnu Kànga

Bí ẹnikẹ́ni bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi pé òun fẹ́ kọ́ ilé tí òun yóò máa gbowó lórí rẹ̀, n kì í kọ́kọ́ bi í ní iye tó ní lápò. Ibi tí omi yóò wà ni mo máa ń bi í. Wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Yàrá ni wọ́n ti ń kà lórí ìka bọ̀ láti ilé, wọ́n sì ti gbọ́ láti Bọ́ńdárì títí dé Wharf Road pé kò sí éjẹ́ǹtì tó mọ ìdí ilé bíi Dáhùnsí. Òótọ́ ni wọ́n gbọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ nǹkan tó sì pa á mọ́nú burú ju òpè lọ, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má bá mi jiyàn.

Tálì ni mí tẹ́lẹ̀ ní èbúté Àpápá, ìyẹn ẹni tó ń ka ẹrù bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ òkun. Lọ́dún 1984, ilé iṣẹ́ wa dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró, wọ́n sì fi èmi náà kún un. Nígbà tí n ò rí iṣẹ́ mìíràn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá fún àwọn tó ń wá yàrá. Éjẹ́ǹtì tó bá febi sùn l'Ájégúnlẹ̀, ọ̀lẹ ni. Ojoojúmọ́ ni Ùróbò, Ìgbò, Ìjọ àti Yorùbá ń wọlé dé pẹ̀lú àpò aṣọ kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn ń béèrè ibi tí wọ́n máa sùn. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ohun tó ń mú ilé pé àti ohun tó ń bà á jẹ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ju ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lọ ló jàǹfààní ẹnu mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má lọ wo ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà òjò ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n sì wọ bàtà òjò lọ, torí ilẹ̀ tí wọ́n fi pàǹtí àti ìyẹ̀fun pákó dí kì í fi ara rẹ̀ hàn tí oòrùn bá ń ràn. Mo ní tí wọ́n bá ń ra ilẹ̀ ẹbí, kí wọ́n má kó owó fún ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Kí olórí ẹbí jókòó, kí àwọn obìnrin ilé náà sì wà níbẹ̀, torí obìnrin tí wọn kò pè ni yóò mú wọn dé kóòtù. Mo ní kí wọ́n má fi àbúrò ìyàwó wọn sí yàrá tó kọjú sí títì, kò ní sanwó, kò sì ní kó jáde. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbọ́. Ìmọ̀ràn gidi ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan péré ni kò dára nínú wọn, òun ni mo sì fẹ́ sọ. Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Bọ̀ọ̀dá Àṣírù fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Ọdún méjìlélógún ló fi ru ẹrù ní èbúté kan náà tí mo ti ń kà á, débi pé èjìká rẹ̀ òsì lọ sílẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Nígbà tí wọ́n fún un ní owó ìfẹ̀yìntì lọ́dún 1986, kò ra mọ́tò, kò sì fẹ́ ìyàwó kejì. Ó ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lẹ́yìn Bọ́ńdárì, ó wá ránṣẹ́ pè mí.

"Dáhùnsí," ó ní, "gbogbo egungun mi ló wà nínú owó yìí. Tó bá ṣòfò, n ò ní èjìká tí mo máa fi wá òmíràn."

Ìyàwó rẹ̀, Mọ́nsúrátù, tó ń ta aṣọ òkìríkà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Ràdíátù lorúkọ ọmọ náà, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà yẹn. Ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ pa ìlà tí bíríkìlà ti fà sílẹ̀ rẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń fà á sẹ́yìn.

Ùróbò ni bíríkìlà náà, Onoriode lorúkọ rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Igi ló fi ya ilé náà sórí iyanrìn. Yàrá mẹ́jọ, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, irú èyí tí gbogbo Ajégúnlẹ̀ mọ̀ sí fésì-mi-aì-fésì-yú. Ó fi kànga síwájú ilé lẹ́bàá géètì, ó sì fi ṣáláńgá sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé. Ogún ìgbésẹ̀ ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó rìn ín lójú wa, ó kà á, ó sì fi ìṣó kọ ọ́ sára pákó.

Èmi wò ó, orí mi gbóná. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, iwájú ilé lẹ fẹ́ fi gbẹ́ kànga? Iwájú ilé kọ́ ni owó wà? Ẹ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan á pa owó yàrá méjì. Ẹ gbé kànga lọ sẹ́yìn."

Onoriode gbé ojú sókè. "Agent, na back shalanga dey. You wan make the two dey greet each other?"

"Ta ló ń mu omi kànga l'Ájégúnlẹ̀?" mo bi í.

Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo sọ. Ilẹ̀ wa, ilẹ̀ àbàtà ni. Kó o tó gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, omi ti dé, ṣùgbọ́n omi pupa tó ń rùn bí irin ni. Gbogbo ilé ló ń ra omi mímu àti omi ìdáná lọ́wọ́ mẹ́ruwà, àwọn tó ń fi ọmọlanke gbé jálá omi kiri. Omi kànga wà fún aṣọ fífọ̀, ìwẹ̀, àti ilẹ̀ títún ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn onílé òpópónà wa fi ń tì í sí kọ̀rọ̀ tó bá ṣẹ́ kù, kí yàrá lè gba ibi tó dára.

Àṣírù wo ojú mi, ó wo ojú Onoriode, ó ní, "Òótọ́ ni. A kì í mu ún."

Níbi tí ó ti ń sọ ọ́ gan-an, ìrun Àìlà tó. Ó tọrọ omi kànga nílé kejì, ó bu ú sínú búta rẹ̀, kẹ́tù rọ́bà tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá, ó sì lóṣòó lójú wa. Ó fọ ọwọ́. Ó bu omi sẹ́nu, ó fi yọ ẹnu, ó tu ú dànù, ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwa ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó rí i. Onígbàgbọ́ ni mí, n kì í ṣe àlùwàlá. Kátólíìkì ni Onoriode. Àṣírù tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ kò sì ka omi tó tu jáde mọ́ omi tó wọ ẹnu.

Bí a ṣe kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú nìyẹn. Onoriode fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ó gbé ògiri, ó kan òrùlé, ṣùgbọ́n nígbà tó kan kànga, ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ó ní òun kò ní fi ọwọ́ òun gbẹ́ ẹ síbẹ̀ yẹn. Mo sọ fún Àṣírù pé owó ló fẹ́ gbà sí i, a sì pe ẹlòmíràn tó gbẹ́ ẹ ní ọjọ́ méjì. Nígbà tí ilé parí, Àṣírù fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní ẹni tó gbọ́n ọgbọ́n tó bí ṣọ́ọ̀bù ni kó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, n kò sì ní san nǹkan kan fún ọdún méjì. Mo gbé ibùsùn mi wá síbẹ̀, mo sì gbé bọ́ọ̀dù kọ́ sí i: DÁHÙNSÍ ÀTI ÀWỌN ỌMỌKÙNRIN. N ò tilẹ̀ ní ọmọkùnrin.

Ilé náà pé. Kò sí yàrá kan tó ṣófo fún oṣù kan gbáko láàárín ọdún márùn-ún. Àṣírù ń gbé yàrá méjì tó kọjú síra ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá àwọn ayálégbé rẹ̀ ṣeré, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ń gbá gọ́tà. Bí wọ́n bá yìn ín, á na ìka sí ṣọ́ọ̀bù mi, á ní, "Dáhùnsí lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀." Inú mi á dùn, èmi aláìlójútì.

Ràdíátù sì fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù mi ju ilé wọn lọ. Bàbá Éjẹ́ǹtì ló ń pè mí. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n ti kọ́ ọ ní àlùwàlá nílé kéú, bàbá rẹ̀ ra búta kékeré aláwọ̀ ewé fún un, ó sì di ẹlẹ́sìn ju lèmọ́mù lọ. Tí ó bá ti di Àlàásárì, á gbé búta wá sẹ́nu ọ̀nà mi, á lóṣòó, á wá máa kọ́ mi.

"Bàbá Éjẹ́ǹtì, ẹ wò ó. Ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta. Imú lẹ́ẹ̀mẹta."

"Kí ni Jésù máa sọ tó bá rí mi?"

"Ẹ fọ ẹnu yín ná, kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀."

Irú ọmọ tó jẹ́ nìyẹn.

Òjò ọdún 1991 kò jẹ́ kí ilẹ̀ mí. Ní oṣù kẹfà, gọ́tà ti kún títí dé ẹnu ilẹ̀kùn àwọn ará ìsàlẹ̀, omi inú kànga wa sì ga débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè na ọwọ́ bù ú. Rédíò ń sọ pé onígbáméjì ti wọ Èkó. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn nílé wa, torí pé omi mẹ́ruwà là ń mu, àti pé ilé àwọn ẹlòmíràn ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti máa ń ṣẹlẹ̀.

Nnamdi ló kọ́kọ́ ṣe. Mẹkáníìkì tírélà ni ní Wharf Road, ó ń gbé yàrá kẹrin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó di ògiri mú jáde, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ó ní, "Agent, abeg, I don finish." Mo wọ́ ọ sínú takisí, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn kan. Wọ́n fa omi sí i lára, ó sì yè é. Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin kúkúrú tó ní àpá lẹ́rẹ̀kẹ́, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Omi wo lẹ ń mu nílé yẹn?"

"Ti mẹ́ruwà ni, mà."

"Èwo lẹ fi ń fọ ẹnu?"

"Ti kànga ni, mà."

"Ẹnu ni àìsàn yìí ń gbà wọlé," ó ní. "Kò dìgbà tí ẹ bá gbé e mì. Ẹ lọ wo bí ṣáláńgá yín ṣe jìnnà sí kànga. Tí kò bá tó ogún ìgbésẹ̀, ẹ dí kànga náà, kí ẹ má fi falẹ̀."

Mo padà sílé. Ẹ̀yìnkùlé ṣófo, aṣọ àwọn ayálégbé nìkan ló ń kán tótó lórí okùn. Mo dúró lẹ́nu kànga, mo kọjú sí ṣáláńgá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta. Ẹẹ́rin. Aárùn-ún. Ẹ̀kẹfà ìbá ti wọ inú ihò lọ.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Ó yẹ kí n yà sọ́dọ̀ Àṣírù lójú ẹsẹ̀. Mo rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, mo gbọ́ tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ àgbò tó fẹ́ rà fún Iléyá, mo sì yí padà. Ẹ̀rù ló bà mí, n ò ní parọ́. Tí a bá dí kànga, ibo ni a máa gbẹ́ òmíràn sí? Iwájú ilé, níbi tí mo jókòó sí. Tí àwọn ayálégbé bá gbọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á kó jáde, wọ́n á sì béèrè ẹni tó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Gbogbo Ajégúnlẹ̀ á gbọ́. Ta ló tún máa wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi? Mo ní kí Iléyá kọjá ná, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré. Mo ní Nnamdi á ti jẹ ìjẹkújẹ níta.

Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi, láti ọjọ́ kejì, omi mẹ́ruwà ni mo ń rà fọ ẹnu. Mọ́nsúrátù rí i tí mo ń fi ife bù ú.

"Bọ̀ọ̀dá Dáhùnsí," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín, "ẹ ti dolówó. Omi rírà lẹ wá fi ń fọ ẹnu báyìí? Ṣé ti kànga wa kò dùn mọ́ ni?"

"Eyín ló ń dùn mí," mo ní.

Ràdíátù kò sì yéé wá sẹ́nu ọ̀nà mi ní Àlàásárì. Mo jókòó sórí àga mi, mò ń wò ó. Ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé búta sókè, ó bu omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó tu ú. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ṣí ẹnu lọ́jọ́ kan láti sọ ọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ràdíà, má da omi sẹ́nu ọ̀nà mi mọ́, ó ń yọ̀." Ó tọrọ àforíjì, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí. Èmi wà lọ́jà.

Iléyá dé, wọ́n pa àgbò. Òun ló gbé ẹran wá fún mi nínú àwo, ó ní ìyá òun ní kí n fi eyín tó ń dùn mí jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn Iléyá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ ní kùtùkùtù. Nígbà tí oòrùn fi yọ, kò lè dúró mọ́. Èmi ni mo gbé e sẹ́yìn lọ sínú takisí, torí èjìká bàbá rẹ̀. Ó fúyẹ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ kúrò. Nọ́ọ̀sì kan náà ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó wo ojú mi, ó mọ̀ mí. Ràdíátù kú kí ìrun Màǹgàríbì tó tó, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà.

N ò mọ bí mo ṣe lo ọjọ́ márùn-ún tó tẹ̀ lé e. Mo ń bá wọn gba àlejò, mò ń to bẹ́ǹṣì. Àwọn èèyàn ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, Àṣírù náà ń sọ bẹ́ẹ̀, ó ń mi orí. Ní ọjọ́ kẹfà, lẹ́yìn Àlàásárì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú búta rẹ̀ lọ́wọ́, ó jókòó. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti kú, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀.

"Dáhùnsí, mo ti rí ohun tí mo máa ṣe fún ọmọ mi."

Mo ní, "Kí ni, Bọ̀ọ̀dá?"

"Alùfáà ní téèyàn bá ti kú, iṣẹ́ ẹ̀ ti dá nìyẹn, àfi sàráà tí àǹfààní ẹ̀ bá ṣì ń lọ. Ó ní omi ló dára jù. O rí i pé mẹ́ruwà ti sọ omi di wúrà nítorí àìsàn yìí. Mo fẹ́ yọ̀ǹda kànga wa fún gbogbo àdúgbò. Mo máa wó ògiri ẹ̀yìn yẹn, mo máa la ilẹ̀kùn sí i, kí àwọn ará òpópónà kejì lè máa wọlé wá pọnmi lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á kọ orúkọ Ràdíà sára ògiri. Lọ́jọ́ fìdáù rẹ̀, lọ́tunla, ni mo máa kéde ẹ̀." Ó fọwọ́ kan orúnkún mi. "Ìwọ lo mọ ilé. Wá fi ibi tí mo máa la ilẹ̀kùn sí hàn mí."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i, kedere ni mo rí i, àwọn ọmọ òpópónà kejì lórí ìlà pẹ̀lú búta àti kóróbá wọn, tí wọ́n ń gbàdúrà fún Ràdíátù kí wọ́n tó bu omi. Ó rọrùn kí n dìde, kí n na ìka sí ògiri, kí n ní, "Ibí yìí, Bọ̀ọ̀dá." Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe kù díẹ̀ kí n ṣe é.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ."

A dé ẹ̀yìnkùlé. Mọ́nsúrátù wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n máa fi dín àkàrà ọjọ́ fìdáù. Mo ní kí Àṣírù dúró lẹ́nu kànga. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mò ń kà á sókè. Nígbà tí mo dé aárùn-ún, mo dúró, ìka ẹsẹ̀ mi kan pákó ṣáláńgá.

"Kí lò ń kà?" ó ní.

"Ọ̀nà tó wà láàárín ṣáláńgá àti omi tí Ràdíátù fi ń yọ ẹnu ni."

"A kì í mu ún," ó ní.

"Ẹ kì í mu ún. Ẹ máa ń fi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Òjò ti da àwọn méjèèjì pọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ohun tó ṣe Nnamdi nìyẹn. Òun náà ló pa Ràdíátù. Tí ẹ bá lalẹ̀kùn yẹn, á pa òmíràn."

Ó wo búta ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ẹnu kànga, ó rọra gbé e bí ẹni tó ń gbé ẹyin.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

Ìbéèrè tí mo ti ń sá fún nìyẹn. Mo lè ní àná ni. Mo ní, "Ọjọ́ tí mo gbé Nnamdi lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi."

"Ìyẹn ṣáájú Iléyá."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ẹ̀."

Mọ́nsúrátù ti dìde. Ẹ̀wà dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò wò ó. "Ìdí nìyẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń ra omi fọ ẹnu."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹni tó ní kí n dìde, n ò sì retí rẹ̀. Mo gbọ́ tí Mọ́nsúrátù wọ ilé ìdáná, tó sì tún jáde. Ọ̀bẹ ló lọ mú. Ó gé okùn tí wọ́n fi ń fa omi, ó jẹ́ kí kóróbá já sínú kànga, a sì gbọ́ bó ṣe dún. Ó wá padà lọ jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà kúrò nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ fìdáù, lẹ́yìn àdúrà, Àṣírù dìde láàárín èrò. Ó ní òun ti dí kànga òun, ó sì sọ ìdí tí òun fi dí i, pé kí gbogbo ẹni tó bá ní kànga nítòsí ṣáláńgá lọ wo tirẹ̀. Ó ní àìmọ̀ ló fà á. Mo wà lẹ́yìn, mo dorí kodò. Kò dárúkọ mi. Ìbá dárúkọ mi, ì bá sàn fún mi. Mélòó nínú àwọn onílé náà lẹ rò pé ó dí tiwọn? Méjì.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ bọ́ọ̀dù mi kalẹ̀, mo ń di ẹrù mi. Àṣírù wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ọmọ náà ti máa ń lóṣòó.

"Níbo lò ń lọ?"

"Bọ̀ọ̀dá, kí n lọ. Kí ẹ fọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí, kí ẹ gbẹ́ kànga síbi tó yẹ."

"Gbé bọ́ọ̀dù ẹ padà síbi tó wà." Kò bínú, ohùn rẹ̀ rí bí ìgbà tó bá ń bá ayálégbé sọ̀rọ̀. "N ò gbẹ́ kànga mọ́ láéláé. Ibi tó yẹ kí omi ọmọ mi wà lo jókòó sí. Jókòó síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá gbàmọ̀ràn ilé lọ́wọ́ ẹ, mú un wọ ẹ̀yìnkùlé mi, kó o rìn ín lójú ẹ̀, kó o kà á, kó o sì sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀. Má fi orúkọ ẹ pamọ́ nínú ẹ̀."

Kì í ṣe àánú ló fi dá mi sí, mo mọ̀. Mo gbé bọ́ọ̀dù kọ́.

Ọdún 1998 la wà yìí, mo ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ayálégbé mẹ́ta kó jáde lọ́dún tí Ràdíátù kú, àwọn mìíràn sì wọlé. Àṣírù ti darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn. Láràárọ̀ ló ń kí mi, mo sì ń dọ̀bálẹ̀. Mọ́nsúrátù kì í kí mi. Mẹ́ruwà ló ń gbé omi àlùwàlá wọn wá, tí mẹ́ruwà bá sì ti ń gbé e kọjá níwájú mi, èmi ni mo máa ń gbé ojú sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá, Adéṣẹwà lorúkọ rẹ̀, atẹ̀wé ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté. Ó ti ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lọ́nà Kírìkìrì, ó mú pépà ilé tó fẹ́ kọ́ dání. Mo bi í ní ibi tí omi máa wà. Ó ní kànga wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa mu ún. Mo dìde, mo mú un gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Àṣírù jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fa tẹ̀súbáà. Ẹnu kànga ṣì hàn nílẹ̀, búlọ́ọ̀kù àti iyanrìn ló kún inú rẹ̀. Mo rìn ín fún un, mo kà á, mo sọ ti Ràdíátù, mo sọ ti omi tí mo rà fi fọ ẹnu mi. N ò fo nǹkan kan.

Ọmọ náà sunkún. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó ní Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó kí Àṣírù pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ pépà rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sún mọ́ mi.

"Bàbá, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí a bá fi jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ńkọ́? Torí yàrá kan ṣì lè wọ ibí yìí."

Àṣírù kò gbójú sókè. Tẹ̀súbáà rẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Mo padà sẹ́nu kànga, mo kọjú sí ṣáláńgá, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.